Ẹ̀kọ́ Bí A Ṣe Ń Gbé Inú Igbó fún Ẹni Tí Kò Mọ Igbó: Àgbéyẹ̀wò Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Kan ní Ẹ̀pẹ́

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò yìí jẹ́ ti àwọn ènìyàn díẹ̀ kan ní agbègbè Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n ń kọ́ ẹni tí kò wọ igbó rí bí yóò ṣe dá ẹ̀mí ara rẹ̀ sí bí ó bá ṣìnà, bí ọkọ̀ rẹ̀ bá takú sí ibi tí kò sí ilé, tàbí bí ilẹ̀ bá ṣú bá a lóko. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ó sì máa ń parí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Owó rẹ̀ jẹ́ ₦40,000, oúnjẹ, ìwé ìléwọ́ kékeré kan àti àpò irinṣẹ́ sì wà nínú rẹ̀. N kò ní dárúkọ wọn, nítorí pé mo ní ẹ̀sùn kan tàbí méjì sí wọn lọ́rùn, mo sì ti sọ ọ́ fún wọn lójú ara wọn. Èrò mi ni pé ẹ̀kọ́ náà níye lórí, ṣùgbọ́n ohùn méjì ni ó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀: ohùn ọdẹ tí ó mọ igbó Ẹ̀pẹ́, àti ohùn ìwé tí wọ́n ṣà jọ láti ọwọ́ àwọn ará ilẹ̀ olótùútù. Níbi tí ọdẹ bá ti ń sọ̀rọ̀, owó ẹni kò ṣòfò rárá. Níbi tí ìwé bá ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ fura.

Olùkọ́ méjì ni wọ́n ní. Ọ̀kan ni àgbà ọdẹ tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ọdẹ, tí wọ́n ti ń dẹ igbó ẹkùn náà láti ìgbà èwe wọn. Èkejì ni ọkùnrin kan tí wọ́n ti sìn nínú iṣẹ́ ológun, tí a ń pè ní Ẹ̀gbọ́n. Àwọn méjèèjì a máa jiyàn lójú wa, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni, ṣùgbọ́n wọn kì í fi bò, èmi sì fẹ́ràn èyí ju bí wọn ì bá ti fi ẹnu kò sí ohun gbogbo, nítorí pé inú àríyànjiyàn yẹn ni a ti máa ń rí ìdí tí ọgbọ́n kan fi bá ibì kan mu tí kò sì bá ibòmíràn mu.

Kò sí àdá tàbí iná nínú ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, ìjókòó ni. Ìwé ìléwọ́ kọ ọ́ ní ìpele mẹ́rin: dúró, ronú, wo àyíká rẹ, kí o sì pète kí o tó gbé ẹsẹ̀. Bàbá Ọdẹ kò kà á láti inú ìwé. Wọ́n mú wa rìn títí a kò fi mọ ìhà tí a ti wọlé mọ́, wọ́n ní kí olúkúlùkù jókòó sí ìdí igi tirẹ̀ kí ó má sì sọ̀rọ̀, wọ́n sì fi wá sílẹ̀ níbẹ̀ títí ara fi bẹ̀rẹ̀ sí í yún wa. “Ẹ̀yin ọmọ mi,” ni wọ́n wí nígbà tí wọ́n padà dé, “ẹni tí ó ṣìnà tí ó tún ń sáré, ilé ni ó ń sáré kúrò.” Obìnrin kan nínú wa béèrè pé, “Bàbá, bí ẹ̀rù bá wá ń bà mí ńkọ́, ẹ jọ̀ọ́?” Wọ́n ní kí ó mu omi ẹnu méjì, kí ó sì máa ka igi tí ó wà níwájú rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó ń ka nǹkan kò ráyè sáré. Bí mo bá ní kí n yan ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà, èyí ni n óò yàn.

Lẹ́yìn ìjókòó ni ìgbọ́ràn. Igbó Ẹ̀pẹ́ kì í ṣe aginjù tí ènìyàn lè rìn nínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan láì pàdé ẹnikẹ́ni. Ìlú àti abúlé yí i ká, ìró wọn sì ń wọlé tọ ẹni tí ó bá lè dákẹ́. Ìpè ìrun máa ń dún láti mọ́ṣáláṣí ní ìdájí, àkùkọ a máa kọ, ẹ̀rọ ìlọta a máa ké, tírélà a máa gbọ̀n lójú ọ̀nà Ìtóìkín sí Ẹ̀pẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi máa ń kùn lórí ọ̀sà. Bàbá kọ́ wa pé kí a yí orí padà díẹ̀díẹ̀, kí a gbé igi kan sílẹ̀ tí orí rẹ̀ kọjú sí ìhà tí ìró ti wá, kí a sì dúró kí ìró náà dún lẹ́ẹ̀kejì kí a tó gbà á gbọ́, nítorí pé òkè àti omi a máa tan etí jẹ. Bí ó bá wá tó àkókò láti rìn, kí a máa ṣẹ́ ẹ̀ka kékeré sí ìhà kan náà bí a ti ń lọ, kí a lè padà sí ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ bí ọ̀nà náà kò bá já síbi kan.

Ibí yìí gan-an ni ìwé ìléwọ́ ti kọ́kọ́ tàsé. Ó ní kí a kọ ọwọ́ kékeré aago sí oòrùn, kí a wo àárín ọwọ́ náà àti nọ́ńbà 12, pé gúúsù ni ibẹ̀. Ọgbọ́n yìí tọ́ ní ilẹ̀ bí Jámánì, níbi tí oòrùn ọ̀sán ti máa ń wà ní gúúsù láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀. Ẹ̀pẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí dígíríì 6 àti ààbọ̀ péré ni ó fi wà ní àríwá ìlà tí ó pín ayé sí méjì, nítorí náà, láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kẹrin títí di ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kẹsàn-án, ìhà àríwá ni oòrùn ọ̀sán wa máa ń gbà kọjá, ní àwọn oṣù yòókù ni ó sì máa ń gba gúúsù. Ní ìgbà tí ó bá sì wà ní àtàrí gan-an, aago kò lè sọ ohunkóhun fún ẹni. Ẹni tí ó bá tẹ̀ lé ìwé yẹn nínú oṣù Kẹfà lè kọ ẹ̀yìn sí ibi tí ó ń lọ, kí ó sì máa yọ̀ pé òun mọ ọ̀nà. Bákan náà ni ìwé náà ní kí a wá ìràwọ̀ àríwá. Òótọ́ ni pé ìràwọ̀ náà wà, ṣùgbọ́n ní Ẹ̀pẹ́ kò ga ju nǹkan bí dígíríì 7 lọ sí etí ilẹ̀, igi kan ṣoṣo sì tó láti bò ó mọ́ ẹni lójú. Ní ti ewéko tútù tí ó máa ń lẹ̀ mọ́ ara igi, èyí tí ìwé ní ìhà àríwá ni ó máa ń hù sí, ẹnikẹ́ni tí ó bá ti wọ igbó wa nígbà òjò mọ̀ pé gbogbo ara igi ni ó máa ń gùn.

Ọgbọ́n ọ̀pá àti òjìji ni ó ṣiṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n sì kọ́ wa dáadáa. A ri ọ̀pá sí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, a fi òkúta kékeré sí ibi tí orí òjìji rẹ̀ dé, a dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a sì fi òkúta kejì sí ibi tí òjìji ti sún dé. Ìlà tí ó so òkúta méjèèjì pọ̀ ń lọ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, òkúta àkọ́kọ́ sì ni ó wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó nílò oòrùn, nígbà tí ó jẹ́ pé abẹ́ igi ni ẹni tí ó ṣìnà sábà máa ń wà. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ibi tí ojú ọ̀run ti là, irú bí oko tí wọ́n ti pa tì.

A tún rìn dé ẹ̀bá Erédò, yàrà àti odi ìgbàanì tí ó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká ní nǹkan bí 160 kìlómítà, tí ìtàn so mọ́ orúkọ Bìlíkísù Ṣùngbọ́. Ó yà mí lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ti ìgboro Èkó wá kò tíì fojú kàn án rí. Wọ́n fi ibẹ̀ kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kan tí kò sí nínú ìwé ìléwọ́: pé àmì ilẹ̀ tí ó gùn lè dá ẹni padà sílé, ó sì tún lè mú ẹni rìn yípo láìmọ̀, nítorí náà kí a mọ ìhà tí a ń tọ̀ ọ́ lọ. Ibi kan wà tí jíjìn rẹ̀ láti orí odi dé ìsàlẹ̀ yàrà tó mítà 20, koríko sì bo etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bàbá kò gbà kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ọn lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ṣú.

Ọ̀rọ̀ ibùsùn ni ó tún gbé ọdẹ àti ìwé kọlu ara wọn. Gbogbo ènìyàn tí ń kọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí ní àgbáyé ni ó mọ òfin onímẹ́ta-mẹ́ta: ìṣẹ́jú 3 láìsí afẹ́fẹ́, wákàtí 3 láìsí ààbò nínú ojú ọjọ́ tí ó burú, ọjọ́ 3 láìsí omi, ọ̀sẹ̀ 3 láìsí oúnjẹ. Ìwọ̀n àfojúdá ni, kì í ṣe àṣẹ, ṣùgbọ́n ó ń fi ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣe hàn. Ìwé ìléwọ́ wá gbà wá níyànjú pé kí a kó ewé gbígbẹ jọ pelemọ, kí a ká wọ inú rẹ̀, kí òtútù má bàa pa wá. Ojú ewé tí ó tẹ̀ lé e sì sọ bí a ṣe ń gbọn yìnyín kúrò lórí òrùlé. N kò mọ ẹni tí ó ti gbọn yìnyín kúrò lórí òrùlé rí ní Ẹ̀pẹ́. Bàbá Ọdẹ ka ojú ewé náà pẹ̀lú ẹ̀rín, wọ́n ní inú òkìtì ewé gbígbẹ ni àkéekèé máa ń gbé, ibẹ̀ ni ejò máa ń lọ wá ibi tútù, àti pé bí ìjàlọ bá gba ibẹ̀ kọjá lóru, ẹni tí ó sùn sílẹ̀ yóò sá jáde láìwọ ṣòkòtò. Ibùsùn tiwọn jẹ́ pẹpẹ tí ó ga kúrò nílẹ̀, tí a fi ọparun tàbí igi tín-ín-rín tò, tí a fi ìtàkùn dì, tí a sì fi imọ̀ ọ̀pẹ bò lókè gẹ́gẹ́ bí àtíbàbà. Ewé gbòdògì a máa wúlò púpọ̀ nítorí pé ó fẹ̀, omi sì ń yọ̀ lórí rẹ̀. A ń tò ó láti ìsàlẹ̀ lọ sókè kí èyí tí ó wà lókè lè gun orí èyí tí ó wà nísàlẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, inú ibùsùn ni òjò yóò máa rọ̀ sí.

Síbẹ̀, kò yẹ kí a sọ pé òtútù kò lè ṣe ẹni níbí. Ẹ̀gbọ́n tẹnu mọ́ ọn pé ẹni tí òjò ti pa láti ìrọ̀lẹ́, tí aṣọ òwú tútù wà lára rẹ̀, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ lù ú, lè gbọ̀n títí ọpọlọ rẹ̀ kò fi ní ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Aṣọ gbígbẹ kan nínú ọ̀rá tí a dì dáadáa sàn ju ọ̀pọ̀ nǹkan olówó ńlá lọ.

Iná dídá gba àkókò tí ó pọ̀ jù. Wọ́n fẹ́ kí a fi igi yí igi títí iná yóò fi jáde, nígbà òjò, ní ìtòsí ọ̀sà, níbi tí igi gbogbo ti mu omi yó. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò rí ju èéfín lọ, ọwọ́ sì bó. Ohun tí ó wúlò ni irin ìṣáná tí ó wà nínú àpò, ọ̀pá irin kékeré tí a ń fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ha kí ó tanná, èyí tí ará Austria kan, Carl Auer von Welsbach, ṣe àkópọ̀ irin rẹ̀ ní ọdún 1903. A lè fi omi wẹ̀ ẹ́ kí a nù ún, yóò sì tún tanná. Ẹni tí ó bá ra tuntun kí ó kọ́kọ́ ha ohun dúdú tí wọ́n fi kùn ún kúrò, nítorí pé ìdí tí ọ̀pọ̀ fi ń rò pé ayédèrú ni wọ́n tà fún àwọn nìyẹn. Bàbá Ọdẹ ní tiwọn kò ní sùúrù fún irin ìṣáná. Láítà ni wọ́n ń mú dání, inú ọ̀rá, méjì. Ohun tí wọ́n fi ń dáná rẹ̀ ni ó jẹ́ ẹ̀kọ́: ìhá tí a fún epo kúrò nínú rẹ̀, tí a sì sá kí ó gbẹ, òwú àràbà, àti túúbù kẹ̀kẹ́ tí a gé wẹ́wẹ́, èyí tí ó máa ń jó bí ó tilẹ̀ tutù. Wọ́n ní kí a má ṣa igi tí ó ti sùn sílẹ̀, bí kò ṣe èyí tí ó kú sórí ìdúró, kí a sì là á, nítorí pé inú rẹ̀ ni ó gbẹ. Kí a sì tó kúrò, omi ni a ń dà lé e, a ó rò ó, a ó tún da omi, títí ọwọ́ yóò fi lè kan eérú. Oko olóko kò jìnnà.

Ní ti omi, wọ́n kọ́ wa dáadáa. A fi iyanrìn àti èédú sẹ́ omi odò nínú ike, ó mọ́ lójú, Ẹ̀gbọ́n sì béèrè ẹni tí yóò mu ún. Àwọn kan na ọwọ́. Wọ́n ní kí wọ́n sọ ọwọ́ kalẹ̀, pé sísẹ́ ń yọ ìdọ̀tí, álọ́ọ̀mù sì ń mú kí ó rọ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kòkòrò tí ń fa onígbáméjì, irú èyí tí ó dààmú Èkó ní ọdún 2024, kò bìkítà fún èyíkéyìí nínú méjèèjì. Kí omi hó kí ó máa ru fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán. Bí kò bá sí iná, kí a dà á sínú ike funfun tí ó mọ́ gaara, kí a sì gbé e sínú oòrùn líle fún wákàtí 6; bí ojú ọ̀run bá ṣú, ó di ọjọ́ 2. Wọ́n fi kún un pé híhó kò lè yọ iyọ̀ kúrò nínú omi ọ̀sà, àti pé kí a má máa dúró nínú omi tí kò ṣàn, nítorí pé kòkòrò tí ń fa ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀, tí ó ń jáde láti ara ìgbín kékeré inú omi, lè gba ara ẹsẹ̀ wọlé láìsí ọgbẹ́.

Lórí oúnjẹ, n kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n fi pàkúté hàn wá, wọ́n sì tú u ká kí ó tó mú ẹran kankan, èyí tí mo yìn. Ìkìlọ̀ tí wọ́n ṣe lórí iṣin ṣe pàtàkì: èyí tí kò bá fúnra rẹ̀ là lórí igi, májèlé ni, kò sì sí ebi tí ó tó ohun tí a ó fi já a là. Olú tí a kò mọ̀, kí a fi sílẹ̀.

Ẹ̀sùn mi àkọ́kọ́ nìyí. Ìwé ìléwọ́ wọn ní bí ejò bá bu ẹni jẹ, kí a fi okùn di ẹsẹ̀ náà le, kí a fi abẹ gé e, kí a sì fa oró jáde. Àwọn oníṣègùn ti kọ ìmọ̀ràn yìí sílẹ̀ tipẹ́, nítorí pé okùn tí ó le lè mú kí ẹsẹ̀ kú, abẹ a sì máa dá ọgbẹ́ mìíràn sílẹ̀ láì yọ oró. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka oró ejò mọ́ àwọn àrùn tí ayé pa tì láti ọdún 2017. Ohun tí ó yẹ ni kí ẹni náà má rìn, kí a bọ́ òrùka àti bàtà rẹ̀ kí ó tó wú, kí a fi igi gbè ẹsẹ̀ náà kí ó má mira, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí ó ní abẹ́rẹ́ apa-oró, irú EchiTAb-Plus-ICP tí wọ́n ṣe fún oró oríṣi ejò mẹ́ta tí ó wà ní Nàìjíríà. Kí a fi fóònù béèrè bóyá ó wà nílẹ̀ kí a tó gbéra. Ó dùn mọ́ mi pé Bàbá Ọdẹ, tí mo rò pé wọn yóò kọ́kọ́ dárúkọ ewé, ni wọ́n sọ pé àwọn mọ ewé, àwọn sì mọ ọ̀nà ọsibítù pẹ̀lú, àti pé ọsibítù ni àwọn yóò kọ́kọ́ gbà. Mo bẹ àwọn tí ó ni ètò náà pé kí wọ́n ya ojú ewé yẹn sọnù. Wọ́n ní àwọn yóò ṣe é.

Ẹ̀sùn kejì lágbára jù. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi gbé wa kọjá sí apá kan ilẹ̀ náà, láífù jákẹ́ẹ̀tì kò sì tó wa kárí. Etí ọ̀sà ni Ẹ̀pẹ́ wà. Ó rọrùn kí àlejò kú sínú omi níbẹ̀ ju kí ebi pa á nínú igbó lọ. Síbẹ̀, nínú gbogbo ẹ̀kọ́ náà, kò sí wákàtí kan fún ohun tí a ó ṣe bí ọkọ̀ bá dojú dé, fún bí a ṣe ń léfòó lórí ẹ̀yìn, tàbí fún bí a ṣe ń fi igi gígùn fa ẹni tí ń rì láì bọ́ sínú omi tọ̀ ọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ, kí ó mú láífù jákẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ dání, kí ó má sì tijú láti wọ̀ ọ́.

Àpò irinṣẹ́ náà kò burú. Fèrè inú rẹ̀ ń dún dáadáa, ìfọn mẹ́ta tẹ̀léra sì ni àmì tí gbogbo ayé mọ̀ fún ẹni tí ó ń wá ìrànlọ́wọ́. Tapólì inú rẹ̀ nípọn. Ọ̀bẹ rẹ̀ ni kò dára, nítorí pé irin rẹ̀ kò wọ inú èèkù dé òpin, ti ẹnì kan sì yọ níbi tí ó ti ń la igi. Àdá lásán láti ọjà, tí a pọ́n, yóò ṣe iṣẹ́ náà dáradára. Kò sí àwọ̀n ẹ̀fọn nínú àpò náà, mo sì rò pé ó yẹ kí ó wà níbẹ̀ ṣáájú ọ̀bẹ.

Bí ẹni bá lè yan àkókò, oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì rọrùn fún ẹni tí ó ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ gbẹ, ọ̀nà sì mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òrùlé imọ̀ ọ̀pẹ tirẹ̀ ń jò, oṣù Kẹfà ni kí ó lọ. Kí ó sọ fún ará ilé rẹ̀ ibi tí ó ń lọ àti wákàtí tí yóò dé, kí ó sì fi nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó, 767 àti 112, sórí fóònù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì a máa já nínú àfonífojì. Wọn kì í gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 àfi pẹ̀lú òbí rẹ̀. Wọ́n máa ń béèrè lọ́wọ́ olúkúlùkù bóyá ó ní ikọ́ fée tàbí àrùn mìíràn kí wọ́n tó gba owó. Ẹni tí ó bá ń lo oògùn, kí ó kó o lọ́wọ́, kí ó sì fi ibi tí ó wà nínú ẹrù rẹ̀ han Ẹ̀gbọ́n.